Bí edé ò ṣe ní dúdú lọ́wọ́ yín: iṣẹ́ edé nínú tírọ́là, láti orí déékì dé inú fíríísà

Ọ̀pọ̀ àwọn àbúrò wa láti etí omi Ìjẹ̀bú, Ìwópin o, Abigi o, Makun-Omi o, tí wọ́n bá wọ tírọ́là edé l'Ékòó, ọkọ̀ ńlá tó ń fa àwọ̀n lójú òkun yẹn, ìrìn kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń ṣe tó ti tán, bóyá àwọn fúnra wọn ló sá tàbí ọ̀gá ló ní kí wọ́n má padà wá mọ́. Tẹ́ ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní òkun le. Irọ́ kọ́, òkun le lóòótọ́, àmọ́ ohun tó lé wọn wálé gan-an ni pé edé dúdú lọ́wọ́ wọn. Wọ́n sáré, wọ́n làágùn, nígbà tí wọ́n tú páálí wò ní jẹ́tì orí edé ti dúdú bí èédú, ọ̀gá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, owó sì bá a lọ. Èmi náà, ìrìn àkọ́kọ́ mi, páálí 17 ni wọ́n yọ sọ́tọ̀ lábẹ́ orúkọ mi, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo rò pé mo yára jù nídìí tábìlì yẹn. Mo yára lóòótọ́. Edé tí mo ń yára já lórí ló ti jókòó sínú oòrùn fún wákàtí kan kí ọwọ́ mi tó kàn án.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń mú un dúdú kíá ká lè kúrò níbẹ̀. Ṣé ẹ rí ewùrà tẹ́ ẹ bá rin sílẹ̀ fún ìkokoré, tẹ́ ẹ wá lọ dáhùn fóònù, kẹ́ ẹ tó dé ojú ẹ̀ ti ṣú? Ohun kan náà ló ń ṣe edé. Nǹkan kan wà nínú ara ẹ̀, inú orí ló ti pọ̀ jù, tí atẹ́gùn bá ti kàn án lẹ́yìn tó kú á máa ṣú díẹ̀díẹ̀, ooru á máa tì í, òtútù á máa dá a dúró. Kò tíì jẹrà o, ó ṣeé jẹ, àmọ́ ẹni tó ń rà á nílùú òyìnbó ò ní fọwọ́ kàn án. Torí náà gbogbo ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀ yìí, bí edé ò ṣe ní pẹ́ nínú ooru ni.

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò

Ìwé yín kọ́kọ́. Díṣáàjì búùkù, ìwé tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ yín lójú òkun sí, láti ọ̀dọ̀ NIMASA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi, ìwé dókítà pé ara yín yá fún iṣẹ́ òkun, ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti kọ́ yín bí èèyàn ṣe ń dóòlà ara ẹ̀ nínú omi, bí wọ́n ṣe ń paná àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹni tó fara pa. Ẹni tó bá ní òun á bá yín wọlé láìsí ìwé kankan, ẹ sá fún un jàre, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójú òkun orúkọ yín ò ní sí níbì kankan.

Lẹ́yìn ìyẹn:

- Búùtù rọ́bà tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ò yọ̀. Ẹ ra èyí tó fi nọ́ńbà kan ju ẹsẹ̀ yín lọ, kẹ́ ẹ lè wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn sínú ẹ̀.
- Ìbọ̀wọ́ rọ́bà bíi méfà, ìbọ̀wọ́ òwú bíi méjìlá tẹ́ ẹ máa wọ̀ sínú ẹ̀. Ibí yìí ni ahun ti ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n á ra ẹyọ kan péré, á ya lọ́jọ́ kẹta.
- Épírọ́ọ̀nù rọ́bà tó gùn dé orí búùtù.
- Jákẹ́ẹ̀tì òtútù àti fìlà tó bo etí. Ẹ má ra tuntun. Ọ̀kirika Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ti Sábó ní Ṣágámù ti tó, àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ mọ òtútù jù wá lọ.
- Máàsìkì tó ní fíltà gáàsì. Kì í ṣe ti kòrónà aláṣọ yẹn o, mo máa sọ ìdí ẹ̀ níwájú.
- Tamọ́mítà kékeré tó ní ẹnu ṣóńṣó, ìwé kékeré kan, báírò méjì.
- Òrí, bándéèjì, oògùn èébì, ORS (iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ẹni tómi ti gbẹ lára ẹ̀) bíi sáṣẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá.
- Gàrí Ìjẹ̀bú. Oúnjẹ wà nínú ọkọ̀, àmọ́ agogo mẹ́ta òru lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti dúró fún wákàtí mẹ́jọ, gàrí kíkan pẹ̀lú omi tútù yàtọ̀ sí ìrẹsì tó ti di òkúta nínú ìkòkò. Ẹ gbé èyí tó pọ̀ dání, wọ́n á tọrọ.

Ẹni tí kò yẹ kó lọ rárá: ẹni tó ní ikọ́ fée, àti ẹni tó jẹ́ pé tó bá jẹ edé tàbí akàn ètè ẹ̀ á wú tàbí ara ẹ̀ á máa yún un. Omi ara edé tó ń fọ́n sínú atẹ́gùn ni ẹ máa máa fà símú láàárọ̀ lálẹ́, ilé ìwòsàn kankan ò sì sí lójú òkun. Ẹ má fi pamọ́ fún dókítà torí kẹ́ ẹ lè ríṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ 1: Kí ọkọ̀ tó ṣí ní jẹ́tì

Ẹ bèèrè bí wọ́n ṣe ń sanwó. Ọkọ̀ kan ń san owó oṣù, òmíràn ń fi owó kún un lórí iye páálí tó bá gòkè, òmíràn ń yọ owó oúnjẹ. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ọmọ Ìjẹ̀bú kì í tijú owó, kí ló wá dé tó jẹ́ orí èyí lẹ máa tijú sí?

Ẹ béèrè ibi tí láífù jákẹ́ẹ̀tì wà, ibi tẹ́ ẹ máa sáré lọ tí alámù bá dún, àti ẹni tẹ́ ẹ máa jíhìn fún. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn yàrá dídì níbi tí wọ́n ń kó páálí sí. Ohun tí wọ́n fi ń ṣí i láti inú wà níbẹ̀, ẹ ní kí ẹnìkan dúró síta, ẹ wọlé, ẹ tì í, kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín ṣí i. Tó bá le tàbí tó ti dì, ẹ sọ fún bọ́sùn, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ orí déékì, kí ọkọ̀ tó kúrò, torí tó bá di ojú òkun wọ́n á ní ó di ìgbà tá a bá padà.

Àyẹ̀wò: ẹ di ojú yín, kẹ́ ẹ rìn láti orí bẹ́ẹ̀dì yín lọ síbi láífù jákẹ́ẹ̀tì. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ láì la ojú, ẹ ti ṣe é.

Ìgbésẹ̀ 2: Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, òòyì òkun

Àwa ọmọ etí ọ̀sà gan-an la máa ń ṣubú níbí, torí a rò pé a mọ omi. Ọ̀sà lẹ mọ̀. Ọkọ̀ tó ń lọ láti Ìwópin sí Ẹ̀pẹ́ ń yọ́ lọ ni, ti òkun ń gbé yín sókè láti iwájú, ó ń gbá yín láti ẹ̀gbẹ́, kò sì dúró lóru. Òfin ò sì gba tírọ́là láàyè láti fa àwọ̀n láàárín máìlì òkun 5 sí etíkun, ti àwọn apẹja ọlọ́kọ̀ kékeré nìyẹn, nítorí náà kò sí pé ẹ máa rí ilẹ̀ kí ọkàn yín balẹ̀.

Ẹ lo oògùn èébì kí ọkọ̀ tó ṣí. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe àṣìṣe ni pé wọ́n á dúró dìgbà tí èébì bá dé, wọ́n á wá gbé e mì, á bá èébì jáde. Oògùn yẹn sì ń mú oorun kunni, ẹ má di ọ̀bẹ mú, ẹ má sún mọ́ ẹ̀rọ tó ń fa okùn àwọ̀n tójú yín bá wúwo. Ẹ dúró láàárín ọkọ̀ níbi tó ti ń mì níwọ̀nba, nínú atẹ́gùn, kẹ́ ẹ máa wo ibi tí omi àti sánmọ̀ ti pàdé. Kábíìnì ló ń burú jù, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo wọn sì máa ń sá lọ.

Àyẹ̀wò: ìtọ̀ yín. Tó bá ṣì mọ́ díẹ̀, omi wà lára yín. Tó bá pọ́n bí tíì, ẹ po ORS, kẹ́ ẹ máa fi ẹnu kàn án díẹ̀díẹ̀. Tí omi ò bá dúró nínú yín fún ọjọ́ kan gbáko, ẹ sọ fún kápíténì, kì í ṣe ohun ìtìjú.

Ìgbésẹ̀ 3: Kí àwọ̀n tó gòkè

Wọ́n máa ń fa àwọ̀n fún wákàtí bíi mẹ́ta kí wọ́n tó gbé e sókè, tọ̀sán tòru. Edé pupa tí gbogbo wa ń wá yẹn, ẹrẹ̀ ló máa ń wọ̀ lọ́sàn-án, òru ló ń jáde, nítorí náà òru niṣẹ́ ti ń pọ̀. Ẹ sùn lọ́sàn-án bó ti lè wù kó rí.

Tó bá ku bí ìdajì wákàtí, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá pè yín. Ẹ fi omi òkun fọ déékì, ẹ fọ agbọ̀n, ẹ ta tapólì kí òòjìji wà, torí irin déékì tí oòrùn ti ń pa látàárọ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dín ẹyin. Lẹ́yìn náà ẹ po omi yìnyín: ẹ kó yìnyín sínú táńkì, ẹ da omi òkun tó mọ́ sí i, ẹ rò ó. Àwọn kan máa ń da omi kún táńkì tán kí wọ́n tó wá ju yìnyín díẹ̀ lé e lórí bí ẹni ń fi yìnyín sínú Fáńtà. Á lófòó lórí, ìsàlẹ̀ á lọ́wọ́ọ́rọ́.

Àyẹ̀wò: ẹ ti tamọ́mítà dé ìsàlẹ̀ táńkì, kì í ṣe ojú ẹ̀. Kó wà láàárín 0 sí 3°C. Tó bá ti kọjá 5, ẹ fi yìnyín kún un kí àwọ̀n tó dé.

Ìgbésẹ̀ 4: Ìdí àwọ̀n tú, ẹ yan edé jáde

Ìdí àwọ̀n á rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lókè bí àpò gàrí tó kún dé ẹnu, omi á máa ṣàn lára ẹ̀, ọkọ̀ á máa mì ín síwá sẹ́yìn. Kí ẹnikẹ́ni má dúró lábẹ́ ẹ̀ o. Bọ́sùn á fa okùn kan péré, gbogbo ẹ̀ á dà wálẹ̀ gbàà: edé, akàn, ṣawa, kúta, ẹrẹ̀, ọ̀rá píọ́ wọ́tà, mo ti rí sálúbàtà ọmọdé níbẹ̀ rí.

Ẹni tuntun, ẹja ńlá ni ojú ẹ̀ máa ń lọ sí. Ẹja lè dúró díẹ̀, edé ò lè dúró. Ẹ kọ́kọ́ wọ́n omi òkun sórí òkìtì yẹn kí ẹrẹ̀ ṣàn lọ, ẹ da yìnyín sórí èyí tọ́wọ́ ò tíì kàn, kẹ́ ẹ fi igi tó ní eyín fa díẹ̀díẹ̀ wá sọ́dọ̀ yín. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Edé tí búùtù bá tẹ̀, inú orí ẹ̀ á fọ́, ohun tó ń mú un ṣú á sì ṣàn kan àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Agbọ̀n tó bá ti dé ìdajì, ẹ gbé e lọ sínú omi yìnyín. Ìdajì ni mo wí. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ kó kún kí àwọn tó rìn, agbọ̀n tó kún yẹn, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti fọ́, àwọn tó wà láàárín sì ń gbóná. Níbi tí páálí 17 mi ti lọ nìyẹn.

Ìkìlọ̀: ọ̀bọ̀kún ní ẹ̀gún mẹ́ta, ọ̀kan lẹ́yìn, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń wọ rọ́bà kọjá. Ẹja pẹlẹbẹ onírù gígùn náà, ẹ̀gún wà lórí ìrù ẹ̀, tó bá kú pàápàá ẹ̀gún yẹn ò kú. Ẹ má ti ọwọ́ bọ inú òkìtì. Tó bá gún yín, ẹ bọ ọwọ́ sínú omi gbígbóná bíi 45°C, ó kéré tán ìdajì wákàtí, ó lè tó wákàtí kan àbọ̀, ooru yẹn ló ń pa oró ẹ̀. Ọwọ́ tí kò fara pa ni kẹ́ ẹ fi tọ́ omi náà wò, torí ọwọ́ tó ti kú tipiri ò ní mọ̀gbà tó bá ń bó. Ẹnìkan da kẹrosíìnì sí tiẹ̀ lójú mi, ìka yẹn ò tíì tọ́ dòní.

Tí ìjàpá òkun bá bá àwọ̀n gòkè, ẹ pe bọ́sùn kí wọ́n dá a padà sómi. Láti 1989 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ pé edé tí wọ́n fi àwọ̀n tó ń pa ìjàpá òkun mú ò gbọdọ̀ wọ ìlú wọn, ìdí nìyẹn tí irin tí ìjàpá máa ń gbà jáde fi wà nínú àwọ̀n. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni ní kẹ́ ẹ jọ so irin yẹn dí.

Àyẹ̀wò: ẹ mú edé márùn-ún láti ìsàlẹ̀ agbọ̀n tó wà nínú omi yìnyín. Kí ara wọn le, kó dán, kí orí má mì jẹ́gẹ́jẹ́gẹ́. Ẹ ti tamọ́mítà bọ ìdí orí ọ̀kan, tí kò bá tíì sọ̀kalẹ̀ sábẹ́ 5, ẹ jẹ́ kó pẹ́ sí i kó tó dé tábìlì.

Ìgbésẹ̀ 5: Jíjá orí

Gbogbo edé kọ́ lẹ máa já lórí ẹ̀. Èyí tó tóbi, tí ara ẹ̀ pé, tí ìwo ẹ̀ ò ṣẹ́, odindi ni wọ́n ń tà á. Èyí tó fọ́ tàbí tí orí ẹ̀ ti ń rọ̀ ni wọ́n ń já. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ awọ tí ara ẹ̀ rọ̀ bí bọ́tà, ẹ yà á sọ́tọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń já a: ẹ gbé edé sórí ìka, kí ẹ̀yìn ẹ̀ kọjú sí yín. Àtàǹpàkò yín á wà níbi tí èèpo orí ti parí tí ara bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lórí orí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú, bí ẹni ń ta owó ẹyọ. Orí á fò jáde, ẹran kékeré funfun tó wà ní ọrùn á dúró sára. Ẹran kékeré yẹn lowó, èèyàn tó bá ń fà á bí ẹni ń fa ìdè sòkòtò á fa ẹran yẹn lọ mọ́ orí. Nínú 100 kílò edé odindi, nǹkan bíi 60 sí 65 kílò ló ń kù lẹ́yìn tí orí bá kúrò, tí tiyín bá ń jẹ́ 55, ọrùn lẹ ń jù sómi.

Ẹ kọ́ ọ pẹ̀lú ọwọ́ kan fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ ń fi ọwọ́ méjèèjì já méjì lẹ́ẹ̀kan náà, láì wo ibẹ̀, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ẹ má fi wọ́n ṣe ìdíje. Edé tó wà lórí tábìlì kó má ju èyí tẹ́ ẹ lè parí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ìyókù nínú omi yìnyín.

Àyẹ̀wò: ẹ to ogún tí ẹ já sílẹ̀. Tí ọrùn bá pé lára 18 nínú wọn, ọwọ́ yín ti ń mọ́ ọn.

Ìgbésẹ̀ 6: Oògùn

Páúdà funfun kan wà tí wọ́n ń pè ní sodium metabisulphite, oògùn la ń pè é láàárín ara wa. Òun ló ń dí edé lọ́wọ́ kó má ṣú. Èyí tó ti ṣú tán kò ní padà funfun, ẹ má dà á nù sórí ẹ̀. Ìṣirò ẹ̀ rọrùn: kílò 1.25 sínú lítà 100 omi, bí dúrọ́ọ̀mù yín bá jẹ́ lítà 200 kílò 2.5 nìyẹn, edé á wà nínú ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 1, ẹ gbé e, ẹ jẹ́ kó ro, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án.

Ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ̀n ọ́n. Ìkúùkù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n nínú ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ wọ̀, ìkúùkù ọ̀gá tóbi, tèmi kéré, edé kan ò ní bá èkejì mu. Tó bá kéré, edé á ṣú. Tó bá pọ̀, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò ní èbúté òyìnbó wọ́n á sì dá gbogbo ẹ̀ padà: ìlà tí wọ́n fà fún edé ńlá ní Yúróòpù jẹ́ mílígíráàmù 150 nínú kílò kan, ti Amẹ́ríkà 100. Ó sì máa ń rẹ̀ bí ẹ bá ṣe ń lò ó, kò dà bí omi ọṣẹ tẹ́ ẹ máa fojú wò. Ẹ kọ iye agbọ̀n tó ti wọ dúrọ́ọ̀mù sára ògiri, tó bá ti pé iye tí ọ̀gá iṣẹ́ ní, ẹ dà á nù kẹ́ ẹ po tuntun, kì í ṣe kẹ́ ẹ máa fọ́n páúdà lé e.

Ìkìlọ̀, ibí yìí ló ń pa èèyàn. Páúdà yẹn tómi bá kàn án ń tú gáàsì, ẹ máa gbóòórùn bíi ti ìṣáná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jó, á ta yín nímú. Nínú ibi tó há, tí atẹ́gùn ò ti wọlé, ó lè pa èèyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì ti pa àwọn apẹja rí nínú ihò ọkọ̀, ìyẹn ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Orí déékì gbangba lẹ ti máa pò ó, kí atẹ́gùn ti ẹ̀yìn yín wá, kí máàsìkì onífíltà wà lójú, ẹ bu páúdà sínú omi, ẹ má da omi sórí páúdà. Ẹ má tọ́jú àpò ẹ̀ síbi tí omi ti ń kán. Ẹ má pò ó pọ̀ mọ́ hípò tàbí ohunkóhun tó kan. Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ṣubú nínú ihò ọkọ̀, ẹ má fò wọlé lọ gbé e, ẹ pariwo, kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i, kí ẹni tó ní ohun èlò ìmí wọlé. Ẹnì kejì ni òkú kejì máa ń jẹ́.

Àyẹ̀wò: ẹ yọ edé odindi mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́yìn oògùn, ẹ gbé e sórí yìnyín nínú abọ́ títí di ìgbà tí àwọ̀n tó tẹ̀ lé e bá gòkè. Tí àyíká orí ẹ̀ ò bá ní ìlà dúdú, oògùn ṣiṣẹ́. Tó bá ní, ẹ ti mọ̀ kí fíríísà tó mọ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Yíyàn nípa títóbi àti wíwọ̀n

Nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa rí lára páálí, iye edé nínú kílò kan ni fún odindi: 10/20, 20/30, 30/40 bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà tó kéré ni edé tó tóbi, ó máa ń dojú ẹni tuntun rú. Fún èyí tí wọ́n já lórí, iye nínú páùn kan ni, gíráàmù 454, bíi 16/20 tàbí 21/25.

Ojú ni gbogbo èèyàn ń fi yàn, kò burú, àmọ́ ojú máa ń parọ́ lágogo mẹ́rin òru. Ní gbogbo ìdajì wákàtí ẹ wọ̀n kílò kan, ẹ kà á. Tẹ́ ẹ bá ń di 20/30 tẹ́ ẹ ka 33, àwọn kékeré ti ń wọlé. Ẹ tún mú mẹ́wàá tó tóbi jù àti mẹ́wàá tó kéré jù nínú ẹ̀, ẹ wọ̀n wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ti àgbà bá ju ti ọmọdé lọ ní ìlọ́po kan àbọ̀, ẹ tún un yàn.

Òṣùwọ̀n ọkọ̀ ń mì torí ọkọ̀ ń mì. Ẹ ka nọ́ńbà tó ga jù àti èyí tó relẹ̀ jù, àárín wọn ni tiyín. Páálí kílò 2, ẹ fi gíráàmù díẹ̀ lé e torí omi á ro jáde lára ẹ̀ nígbà tó bá yọ́. Ẹ to ti òkè dáadáa, kí ẹ̀yìn gbogbo wọn dojú kọ ibì kan náà. Àwọn oníbàárà ń fojú jẹun kí ẹnu tó jẹ ẹ́.

Ìgbésẹ̀ 8: Dídì

Èyí ò le, sùúrù ló gbà. Ẹ má kó páálí gbígbóná pọ̀ mọ́ èyí tó ti ń dì, ẹ fi àlàfo sílẹ̀ kí atẹ́gùn tútù kọjá láàárín wọn. Fíríísà ńlá á wà láàárín -30 sí -40°C, ẹ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó dì kíá, torí láàárín 0 sí -5 ni omi inú ẹran ti ń di yìnyín, tó bá pẹ́ níbẹ̀ yìnyín náà á tóbi, á fa ẹran ya, edé á wá di rìrọ̀ nígbà tó bá yọ́.

Tó bá ti dì, ẹ wọ́n omi tútù nini sí i lára kí awọ yìnyín tín-ín-rín bò ó, kò ní gbẹ. Ìwọ̀n omi yẹn ò sí lára kílò 2 o, ẹni tó bá kà á mọ́ ọn, olè ni.

Ìkìlọ̀: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá wọ yàrá dídì. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kẹ́ ẹ jáde wá mú ooru. Tẹ́ ẹ bá gbóòórùn tó ń ta imú bí ìtọ̀ tó ti kan níbi ẹ̀rọ, ammonia ló ń jò, ẹ jáde, ẹ lọ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá.

Àyẹ̀wò: ẹ lu ihò kékeré sí àárín páálí kan nínú ogún, ẹ ti tamọ́mítà bọ̀ ọ́. -18°C tàbí kó tutù jù bẹ́ẹ̀. -12 lára àárín, kò tíì yá, bí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tilẹ̀ le bí òkúta.

Ìgbésẹ̀ 9: Ọwọ́ yín

Ọwọ́ tó tutù, tó rin, tó ń gún ara ẹ̀ lójú ìwo edé ní gbogbo ìgbà, ọjọ́ kẹrin á ti máa wú. Lẹ́yìn gbogbo ìrìn àwọ̀n kọ̀ọ̀kan, ẹ fi omi tó mọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ dé àárín ìka, ẹ fi òrí pa á, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ òwú mìíràn tó gbẹ. Ìbọ̀wọ́ tó rin nínú ló ń jẹ ọwọ́, omi òkun tó wà níta ò tó nǹkan.

Tí ìka kan bá pọ́n lẹ́yìn tí nǹkan gún un, àwọ̀ ẹ̀ ń lọ sí ti ẹ̀sè-àlùkò, ó ń jó, tí pípọ́n náà sì ń tàn lọ díẹ̀díẹ̀, àrùn àwọn tó ń fọwọ́ kan ẹja nìyẹn. Kì í fi ara ẹ̀ sílẹ̀ fún òrí, ó nílò oògùn dókítà, ẹ sọ fún ọ̀gá kíákíá, kí wọ́n pe etíkun lórí rédíò. Ẹ sùn nígbà tẹ́ ẹ bá ráàyè, kì í ṣe nígbà tí fíìmù bá parí, ọ̀pọ̀ ọwọ́ tí ọ̀bẹ ti gé, oorun ló gé e.

Ìgbésẹ̀ 10: Jẹ́tì

Ìwé kékeré yẹn, ẹ ti gbọ́dọ̀ máa kọ ọ́ láti ọjọ́ kìíní: ọjọ́, nọ́ńbà àwọ̀n (ìgbà kìíní, ìkejì, ìkẹta tí wọ́n gbé àwọ̀n sókè), iye páálí tẹ́ ẹ dì, ìwọ̀n ẹ̀, tó bá ṣú tàbí tí kò ṣú. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ páálí kalẹ̀, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ má sáré wọ ọ̀kadà kẹ́ ẹ wá pàdé wọn ní ọ́fíìsì lọ́la. Ẹ ní kí wọ́n tú ọ̀kan nínú tiyín lójú yín, kó yọ́ díẹ̀, ẹ wo ìdí orí. Èyí tí wọ́n bá ní ó ti dúdú, ẹ wo nọ́ńbà àwọ̀n ẹ̀ lára páálí, ẹ wá a nínú ìwé yín. Nígbà kan wọ́n ní páálí mẹ́rin tèmi ti ṣú, mo ṣí ìwé, àwọ̀n yẹn orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà, ibà ń ṣe mí. Wọ́n wá ẹni tó ni ín.